Yàrá Kọ̀ọ̀kan àti Orúkọ Tirẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ẹgbẹ́ wa kan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún, nígbà tí a ń jíròrò lórí ilé àlejò tí Ẹgbẹ́ ń gbèrò láti kọ́.)

 

Akọ̀wé Àgbà ni ó ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ṣọ́ inú ilé àlejò, nítorí ó gbọ́ pé mo ti sùn ní ọ̀kan nínú èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ní Amẹ́ríkà. Mo gbà láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni mo gbé pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ Ilé ti fi àwòrán ilé àlejò tí a fẹ́ kọ́ hàn wá. Ogún yàrá ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn jọ ara wọn bí ẹyin adìẹ: ògiri funfun, ìbùsùn kan, tábìlì kan, tẹlifíṣọ̀n kan lára ògiri. Bí a bá di ènìyàn lójú tí a sì mú un wọ èyíkéyìí nínú wọn, kò ní mọ̀ bóyá Èkó ni òun wà, tàbí Àkúrẹ́, tàbí Dubai. Mo ń bẹ̀ yín kí a má tíì fọwọ́ sí àwòrán yìí. Ìdí rẹ̀ ni mo wá rò fún yín.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà tí a ń pè ní San Luis Obispo. Àwọn àlùfáà Ìjọ Páàdì láti ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1772. Kì í ṣe ìlú ńlá rárá; ọ̀nà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ó wà ní nǹkan bí agbedeméjì ọ̀nà tí ó ti Los Angeles lọ sí San Francisco, àwọn ìlú ńlá méjì tí ó fi ohun tí ó lé ní 400 máìlì jìnnà sí ara wọn. Ní ayé àtijọ́ tí mọ́tò kò tíì máa sáré, ẹni tí ó bá gbéra ní òwúrọ̀ kò lè dé ibi tí ó ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú yìí ni yóò sùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé kan ní oṣù Kejìlá 1925, tí awakọ̀ lè gbé mọ́tò rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí yóò sùn. Arthur Heineman tí ó yàwòrán ilé náà pa ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì pọ̀, ó sì di “motel” tí gbogbo ayé ń pè dòní. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ojú ọ̀nà ni ìlú tiwa náà wà. Mọ́tò ń kọjá lọ́sàn-án, ó ń kọjá lóru. Ó dúró ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ti lọ.

Ní San Luis Obispo yìí ni ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Alex Madonna. A bí i ní 1918, ó sì kú ní 2004. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣì yín lọ́nà. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ilé ìjọsìn. Agbaṣẹ́ṣe ọ̀nà ni, ó sì wà lára àwọn tí ó la òpópónà 101 ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1958, òun àti Phyllis ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé àlejò kan sí ẹ̀bá òpópónà yìí, wọ́n pè é ní Madonna Inn. Yàrá 12 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Kalifóníà ṣí ààfin olówó nnì, William Randolph Hearst, sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ wò ó, ní San Simeon tí kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà èrò kò wọ́n lójú ọ̀nà. Iná jó ilé àlejò náà ní 1966. Tọkọtaya náà tún un kọ́, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Lónìí yàrá 110 ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí méjì tí ó bára mu.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo rí i pé Alága gbójú sókè: yàrá 110, kò sí méjì tí ó bára mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Yàrá Ará Inú Ihò: àpáta ni ògiri rẹ̀, àpáta ni ilẹ̀ rẹ̀, àpáta ni òkè rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀ nínú rẹ̀, omi yóò máa já lé e lórí láti ara òkúta, bí ẹni pé ó dúró sábẹ́ òṣòòrò Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìtẹ́ Ìfẹ́, fún àwọn tọkọtaya tuntun. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín títí ó fi dé ilé ìṣọ́ kékeré kan lókè. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọlọ Àtijọ́, tí kẹ̀kẹ́ omi kékeré kan ń yí nínú rẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Yahoo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ dá ẹ̀rín yín dúró. Igbe ayọ̀ àwọn darandaran Amẹ́ríkà ni, ó sì ti wà kí ohun tí ẹ ń rò tó dé ayé. Ìbùsùn inú rẹ̀ dà bí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà.

Ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin pàápàá di ohun àwòyanu. Àpáta ni wọ́n fi ṣe é. Bí ènìyàn bá ti dúró níwájú rẹ̀, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da láti òkè fúnra rẹ̀. Mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n rán ọkọ wọn wọlé kí ó lọ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, kí àwọn náà lè yọjú. Èmi kò mọ ilé àlejò mìíràn tí ènìyàn ti í ṣe irú ìbẹ̀wò yìí.

Ẹ óò ní eré ọmọdé ni gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní eré nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí eré náà ń ṣe. Àwọn olùgbàlejò náà ń ta káàdì onífọ́tò tí ó ní àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan; ẹni tí ó sùn ní Yàrá Ará Inú Ihò ní ọdún yìí rí àwòrán ti Ọlọ Àtijọ́, ó sì ń ronú ìgbà tí òun yóò tún padà wá. Mo bá àwọn arúgbó pàdé níbẹ̀ tí wọ́n ń ka iye yàrá tí wọ́n ti sùn bí ẹni ka ọmọ. Ta ni ó ń ka yàrá nínú ilé tí gbogbo yàrá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà?

Ẹ jẹ́ kí á dé ibi oúnjẹ, nítorí mo rí i pé ojú àwọn kan ti ń wo ìhà ibi tí a ti ń gúnyán. Gbọ̀ngàn ìjẹun ńlá wọn ni Gold Rush Steak House. Àwọ̀ píǹkì ni ó gba gbogbo rẹ̀, pupa nnì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun: píǹkì ni awọ tí a fi bo àga, òdòdó píǹkì ni ó wà lára kápẹ́ẹ̀tì, ṣúgà inú àwo pàápàá píǹkì ni. Apá kan wà níbẹ̀ tí ó ní ọgbà òkúta mábù gbígbẹ́ láti ààfin Hearst tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Igi wúrà kan sì dúró nínú gbọ̀ngàn náà, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 28, ó ta ẹ̀ka, ó yọ òdòdó, iná ń tàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ọba kan ni ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Páìpù tí wáyà iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, àti àjákù bàbà ni àwọn òṣìṣẹ́ Madonna fúnra wọn fi ṣe é.

Níbi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyẹn. Ọkùnrin yìí kò ránṣẹ́ sí ìlú òkèèrè kí wọ́n wá fi ọ̀nà hàn án. Ohun tí ó mọ̀ ni òkúta, nítorí iṣẹ́ ọ̀nà ni ó ṣe dàgbà. Ó ní ẹ̀rọ tí ń gbé àpáta, ó ní àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbẹ́, òkúta sì pọ̀ ní àwọn òkè agbègbè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń yan aṣọ àti àwọ̀ inú yàrá. Àwọn méjèèjì wo ohun tí ó wà nílẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ tí ó wà nílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Yàrá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì wo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lábẹ́ igi wúrà náà. Ẹran màlúù ni, tí a sun lórí iná igi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará apá ibẹ̀ ti ń sun ún tipẹ́. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Àfi kéèkì wọn tí ó lókìkí, tí wọ́n fi ṣokoléètì píǹkì fífá bò lórí, ni ó bá ọ̀ṣọ́ ilé lọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé a lè fi àga ṣeré, a lè fi ògiri ṣeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò fẹ́ kí a fi oúnjẹ òun ṣeré.

Kì í ṣe àwọn nìkan ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀. Ní Jukkasjärvi, ní àríwá Súwídìn, omi dídì láti inú odò Torne ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àlejò kan ní ìgbà òtútù, tìbùsùn tìbùsùn, tife tife. Bí oòrùn bá mú, ilé náà a yọ́, a padà sínú odò. Ní New York, ilé àlejò kan tí a ṣí ní 2000 pín ilé rẹ̀ bí ilé ìkàwé ti í pín ìwé: àjà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ tirẹ̀, ìwé tí ó bá a mu sì wà nínú àwọn yàrá rẹ̀. Odò ni àwọn ará Súwídìn ní, wọ́n fi odò ṣe é.

N kò ní fi ọ̀kan bò fún yín: àwọn ènìyàn ńlá ti fi Madonna Inn ṣe yẹ̀yẹ́. Umberto Eco, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì nnì, kọ àròkọ kan ní 1975 lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń ṣe àríwísí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi àfarawé ṣe ojúlówó. Ó mẹ́nu kan ilé àlejò yìí, kò sì ṣàánú rẹ̀. Ní èrò tèmi, ó rí òtítọ́ kan, kò sì ka òmíràn sí. Yàrá tí ó ń ṣe bí ẹni pé ó wà ní Switzerland láàárín Kalifóníà, mo gbà pé àfarawé ni. Ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ kì í ṣe àfarawé. Òkúta ilẹ̀ náà ni, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n tò ó.

Àríwísí tèmi yàtọ̀ sí ti ọ̀mọ̀wé náà. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Safari. Ẹ mọ ohun tí òyìnbó ń rò bí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn: Áfríkà ni. Ẹranko àti igbó ni yàrá náà fi rán àlejò létí ilẹ̀ wa. Kò sí ọjà nínú rẹ̀, kò sí ahunṣọ, kò sí ìyá arúgbó tí ń pa àlọ́. N kò bínú sí ẹni tí ó ṣe é. Ó ṣe ohun tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè pé, bí òyìnbó bá dé ìlú tiwa lọ́la, yàrá wo ni òun yóò rí tí yóò fi mọ̀ pé ènìyàn ń gbé ilẹ̀ Áfríkà? Ogún yàrá funfun wọ̀nyẹn kò ní sọ fún un.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ Ògògà jókòó tòun tadé, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fi àga gbé wá kí kábíyèsí, àwọn aláàárù rù ú, ó ká orúnkún pọ̀ bí adìẹ inú àgò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ààfin ti rí ìtàn kà, ó sì ti rí ẹ̀rín rín, kí ó tó dé iwájú ọba. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924. Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó, ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní ìlú wọn fi dípò rẹ̀. Lọ́ńdọ́nù ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ẹ̀yin ẹ̀ka Lọ́ńdọ́nù, bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ lọ wò ó.

Kí ni à bá ṣe nígbà náà? Mo ti ro ó díẹ̀. Kí yàrá kan jẹ́ ti ahunṣọ: kí òfì wà ní igun rẹ̀, kí aṣọ ìbùsùn jẹ́ èyí tí a hun nílé, kí àlejò lè jókòó ti òfì náà bí ó bá wù ú. Kí òmíràn jẹ́ ti aládìrẹ, kí Olókun wà lára fèrèsé, kí Ìbàdàndùn tí a ya òpó Mápó sí lára wà lórí ìbùsùn, kí a sì kọ ìtumọ̀ wọn sẹ́nu ọ̀nà. Kí ọ̀kan jẹ́ ti àgbẹ̀ kòkó, nítorí owó kòkó ni ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí púpọ̀ nínú wa lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Yàrá Ìjàpá. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré, kí àgbàlagbà tẹrí ba kí ó tó wọlé. Kí òkè rẹ̀ rí bí èépá Ìjàpá tí ó fọ́ tí a sì tún lẹ̀ pọ̀. Ẹ sì rántí ìgbà tí Ìjàpá jí ẹ̀bẹ gbígbóná ní ilé àna rẹ̀, tí ó dà á sínú fìlà, tí ó sì fi orí bó. Kí àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin mọ àwo tí ó rí bí fìlà abetí ajá fún wa. Inú rẹ̀ ni kí a máa bu ẹ̀bẹ sí ní gbọ̀ngàn ìjẹun, kí ẹni tí ń gbé oúnjẹ wá sì pa àlọ́ náà ní ṣókí bí ó ti ń gbé e kalẹ̀. Àwo nìkan ni a óò fi ṣeré. Ẹ̀bẹ náà, ìyá tí ó mọ̀ ọ́n sè ni kí ó sè é.

Nǹkan kan wà tí n kò fẹ́. Ohun tí ó bá jẹ́ ti ojúbọ, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀ ní ojúbọ. Kí a má gbé ère òrìṣà ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn kí àlejò máa fi aṣọ ìnura kọ́ ọ lọ́rùn.

Akápò yóò bèèrè owó, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ojú àlejò la ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti í san án. Yàrá tí ó ní ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ ń gba ìtọ́jú. Ohun tí a kò lè rí rà lọ́jà, bí ó bá bàjẹ́, ẹni tí ó ṣe é ni yóò tún un ṣe. Nítorí náà ni mo fi ní kí ó jẹ́ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa, àwọn ahunṣọ wa àti àwọn amọ̀kòkò tí ó wà nítòsí ni kí a gbé iṣẹ́ fún. Bí èyí tí a ránṣẹ́ rà ní òkèèrè bá dá, ó di ẹrù àkísà. Kí a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá mẹ́rin péré nínú ogún náà. Madonna fi 12 bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń gbé àpáta. Àwa kò ní. Kí kànga àti ẹ̀rọ iná pé kí a tó kan ìṣó kan mọ́ ògiri fún ọ̀ṣọ́, nítorí àlejò tí kò rí omi bọ́jú ní òwúrọ̀ kò ní bi wá léèrè ìtumọ̀ Olókun.

Ẹ̀ka Kalifóníà ti dáwó jọ fún Yàrá Ìjàpá, mo sì ti fi ìwé ìlérí náà lé Akápò lọ́wọ́ ní àárọ̀ yìí. Ó ku yàrá mẹ́ta.

Àwọn káàdì onífọ́tò tí mo sọ nìyí, mẹ́fà ni wọ́n. Akọ̀wé, ẹ bá mi gbé wọn yí ká láti ọ̀dọ̀ àwọn olóyè wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó ti jẹ àkàrà nu ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà á.